Ṣé kí Titans mú receiver ní ìpele kìíní draft, àbí kí wọ́n kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò ṣọ́ Cam Ward?

Ìyá Ìbejì (Nashville)
Ọjọ́rú, 9:14 alẹ́

Ẹ kú ilé o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń da ilé mi rú láti ìgbà tí Titans, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti Nashville níbí, ti parí ìdíje wọn, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà yìí dáadáa bá mi dá sí i.

Mo dé Nashville ní 1999, ọdún tí ẹgbẹ́ náà kọ́kọ́ ń jẹ́ Titans. Mi ò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù ṣóńṣó yìí nígbà náà. Àwọn nọ́ọ̀sì tá a jọ ń ṣiṣẹ́ òru ló kọ́ mi, pẹ̀lú bébà àti bírò lórí tábìlì tá a ti ń jẹun. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 2000, ọjọ́ Super Bowl (ìdíje àṣekágbá), mo ti wà níwájú tẹlifíṣọ̀n, mò ń kígbe. Wọ́n di Kevin Dyson wa mú nígbà tó ku yáàdì kan péré kó wọlé, àkókò sì tán. Rams 23, Titans 16. Ọjọ́ yẹn ni mo di tiwọn, títí di òní.

Àwọn ìbejì mi ti pé ọmọ ọdún 19. Táíwò ní kí Titans fi ìpele kìíní draft (ètò ọdọọdún tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń yan ọmọ yunifásítì níkọ̀ọ̀kan) mú receiver, ẹni tó ń sáré gba bọ́ọ̀lù. Ó ní a mú Cam Ward, quarterback wa (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù), ní ipò kìíní pátápátá ní 2025, pé ọmọ náà mọ bọ́ọ̀lù jù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni gidi tó ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kẹ́hìndé ní kí la fẹ́ fi receiver ṣe nígbà tí wọ́n ń gbé Ward lulẹ̀ kó tó gbójú sókè? Ó ní kí wọ́n mú tackle, ẹni tó ń ṣọ́ quarterback, tàbí ẹni tí yóò máa lé quarterback ẹlòmíì kiri. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, iyàn yìí le débi pé iyán tutù nílẹ̀. Wọ́n wá ní kí èmi dájọ́.

Ọkàn mi fẹ́ tẹ̀ síbi tí Táíwò wà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Ní 1998 a mú Dyson ní ipò 16, Vikings wá mú Randy Moss, tó di ìràwọ̀ ńlá, ní ipò 21. Ní 2017 a mú Corey Davis ní ipò 5. Ní 2022 a ta receiver wa, A.J. Brown, fún Eagles lálẹ́ ọjọ́ draft gan-an, a fi ipò 18 tí wọ́n fún wa mú Treylon Burks. Ẹ̀ẹ̀mẹta tá a fi ìpele kìíní mú receiver, ẹ̀ẹ̀mẹta ló dùn mí. Kí ni kí n sọ fún àwọn ọmọ yìí?


Olùṣọ́ Ìlà (Dallas)
Ọjọ́rú, 9:51 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ mà. Ẹ bá mi sọ fún Kẹ́hìndé pé ó ní ẹ̀gbọ́n kan ní Dallas tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbáágbá.

Mo ṣe tackle fún ọdún mẹ́rin ní yunifásítì, mo sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama níbí fún ọdún méjìlá. Ohun tí àwọn èèyàn kì í rò ni pé receiver kò lè ju bọ́ọ̀lù sí ara rẹ̀. Kó tó sáré débi tó máa yà sí, kó tó yíjú padà, á gbà tó ìṣẹ́jú àáyá méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta. Àwa tá a wà níwájú quarterback la máa ń ra àkókò yẹn fún un. Bí a ò bá rà á, kódà kí receiver náà lè fò bí ẹyẹ, bọ́ọ̀lù ò ní kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń jù ú. Ilé tí kò ní ògiri, kí ló fẹ́ fi kọ́tìnì ṣe?

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ṣọ̀wọ́n tó. Ọkùnrin tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ààbọ̀, tó wúwo ju 310 pọ́n-ùn lọ, tó sì lè máa sún sẹ́yìn tẹ̀lé ẹsẹ̀ ẹlòmíì bí oníjó, mélòó nirú wọn láyé? Nínú gbogbo àwọn ọmọ tí mo ti kọ́, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo tíì rí. Ṣùgbọ́n ọmọ tó lè sáré kó sì gba bọ́ọ̀lù, ọdọọdún ni mò ń rí wọn. Gbogbo ilé ìwé ló ń ju bọ́ọ̀lù láti òwúrọ̀ dé alẹ́ báyìí, wọ́n sì ń kọ́ wọn láti kékeré.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rí receiver gidi nísàlẹ̀: Antonio Brown, ipò 195 ní 2010. Stefon Diggs, ipò 146 ní 2015. Tyreek Hill, ipò 165 ní 2016. Amon-Ra St. Brown, ìpele kẹta ní 2021. Puka Nacua, ipò 177 ní 2023, ó sì gba bọ́ọ̀lù ní ìgbà 105 fún yáàdì 1,486 lọ́dún àkọ́kọ́ rẹ̀. Kò sí ọmọ tuntun tó tíì ṣe tó bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀. Ẹ mú ẹni tó ṣọ̀wọ́n lókè, kí ẹ wá èyí tó pọ̀ nísàlẹ̀.


Ọmọ Ìjẹ̀bú (Cincinnati)
Ọjọ́rú, 10:20 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú èmi rí.

Ní 2020 Bengals, ẹgbẹ́ ìlú wa, mú quarterback Joe Burrow ní ipò kìíní. Kó tó di ìparí ọdún yẹn, orúnkún rẹ̀ ti já. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ipò 5 bọ́ sí wa lọ́wọ́, gbogbo ìlú sì pín sí méjì bí ilé Ìyá Ìbejì. Àwọn kan ní ká mú Penei Sewell, tackle láti Oregon. Àwọn kan ní Ja'Marr Chase, receiver tí òun àti Burrow ti jọ gba bọ́ọ̀lù ní yunifásítì LSU. Èmi wà lẹ́yìn Sewell. Orúnkún ọmọ èèyàn ti já, ẹ lọ ń ra ẹni tó ń sáré! Inú bí mi lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n pe orúkọ Chase. Nígbà tí wọ́n wá ń múra sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ, tí Chase ń já bọ́ọ̀lù sílẹ̀, tó ní bọ́ọ̀lù NFL (líìgì ńlá yìí) kò ní ìlà funfun bíi ti yunifásítì, mo pe ọ̀rẹ́ mi pé, "Mo sọ bí? Ẹ rí i báyìí."

Ìdíje wá bẹ̀rẹ̀. Yáàdì 1,455, touchdown (gbígbé bọ́ọ̀lù wọ òpin pápá) 13. Òun ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn ọmọ tuntun tó dára jù nínú àwọn tó ń kọlù.

Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú sí mi o, mo mọ̀ pé ọgbẹ́ ni màá fọwọ́ kàn. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, ìlú yín níbẹ̀ la ti pàdé. Titans ni olórí gbogbo AFC, ọ̀kan nínú apá méjì NFL, lọ́dún yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n gbé Burrow lulẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án! Síbẹ̀ Chase gba bọ́ọ̀lù ẹ̀ẹ̀márùn-ún fún yáàdì 109, òun ló sì gba èyí tí Burrow jù kẹ́yìn, yáàdì 19, kí Evan McPherson tó gbá a wọlé láti yáàdì 52. Bengals 19, Titans 16.

Ẹ̀gbọ́n Dallas, kò sí ògiri nílé wa lọ́jọ́ yẹn. A sì borí.


Olùṣọ́ Ìlà (Dallas)
Ọjọ́rú, 10:38 alẹ́

Àbúrò mi, o sọ ìtàn dáadáa, ṣùgbọ́n o dá a dúró lágbedeméjì. Jẹ́ kí n bá ọ parí rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹ dé Super Bowl. Ẹ̀ẹ̀méje ni Rams gbé Burrow lulẹ̀. Ìgbà ìkẹyìn tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ yín, Chase ti yọ lọ́wọ́ Jalen Ramsey, ó ń sáré lọ ní òun nìkan, kò sẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀? Aaron Donald ti Rams ti di Burrow mú. Bọ́ọ̀lù jábọ́ sílẹ̀. Rams 23, Bengals 20. Receiver tẹ́ ẹ mú ní ipò 5 ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ pé pérépéré, kò sì wúlò, torí ìṣẹ́jú àáyá kan tí kò sẹ́ni tó rà fún un.

Ní 2024 ńkọ́? Chase ló ṣáájú gbogbo NFL nínú bọ́ọ̀lù gbígbà (127), nínú yáàdì (1,708) àti nínú touchdown (17). Bengals parí sí 9-8 (wọ́n borí 9, wọ́n pàdánù 8), wọn ò dé ìdíje ìparí. Sewell tẹ́ ẹ fi sílẹ̀, Lions mú un ní ipò 7, ó sì wà lára ọwọ̀n tí Detroit fi dìde nílẹ̀.


Ọmọ Ìjẹ̀bú (Cincinnati)
Ọjọ́rú, 10:44 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ohun tó pa wá ní 2024 ni pé àwọn tó ń dènà fún wa kò lè dá ẹnikẹ́ni dúró. A gba àmì tó pọ̀, àwọn ẹlòmíì sì ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má gbé ẹ̀bi yẹn sọ́rùn Chase. Ti Donald yẹn, mi ò lè jà yín níyàn. Mo ṣì ń rí i lójú oorun.


Àgbà Olùwòran (Detroit)
Ọjọ́bọ̀, 6:05 àárọ̀

Àtúnṣe kan fún ẹ̀gbọ́n Dallas. Ìpele kẹrin ni wọ́n ti mú Amon-Ra St. Brown, ipò 112. Receiver 16 ni wọ́n pè ṣáájú rẹ̀, ó sì kọ́ orúkọ gbogbo wọn sórí.

Níwọ̀n bí mo ti dá a sọ, ẹ jẹ́ kí n fi kún un. Ọ̀nà tẹ́ ẹ fi ń ka àwọn tó yọrí láti ìsàlẹ̀ yẹn kò tọ́. Ẹ ka márùn-ún fún wa láàárín ọdún 13. Ẹ ò ka gbogbo àwọn yòókù tí wọ́n mú ní ìpele karùn-ún àti ìkẹfà láàárín ọdún kan náà, tí wọn ò lo ju sáà méjì lọ kí wọ́n tó padà sílé. Ẹni tó bá lọ́sọ̀ọ́ ló máa ń gba ojú èèyàn. Bí ẹ bá ní kí olórí ẹgbẹ́ kan fi iṣẹ́ rẹ̀ dúró lórí pé òun máa rí Nacua ní ipò 177, òun gan-an kò ní gbà. Gbogbo ẹgbẹ́ tó kù ló kọjá lára Nacua, Rams fúnra wọn sì ti mú àwọn mìíràn ṣáájú rẹ̀ lọ́dún yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé mo wà pẹ̀lú Táíwò. Ẹni tó bá ti gbé Detroit kì í gbọ́ "receiver ní ìpele kìíní" kí ara rẹ̀ má bù máṣọ. Charles Rogers, ipò 2, 2003. Roy Williams, ipò 7, 2004. Mike Williams, ipò 10, 2005. Ọdún mẹ́ta léra wọn! Ẹni tí Dallas mú ní ipò 11 lẹ́yìn Mike Williams ni DeMarcus Ware, ọ̀gá nínú lílé quarterback. Ní 2007 wọ́n tún mú Calvin Johnson ní ipò 2, ìyẹn sì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run. Ní 2008 a pàdánù gbogbo ìdíje mẹ́rìndínlógún. Ní 2012 Johnson gba yáàdì 1,964, kò sí ẹni tó tíì gbà tó bẹ́ẹ̀ rí lọ́dún kan. Lions ṣe 4-12. Mo wà ní pápá nígbà tó kọjá ti Jerry Rice, mo pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta mí, mo sì wakọ̀ padà sílé lẹ́yìn tá a ti pàdánù.


Ọmọ Àgbẹ̀ (New Jersey)
Ọjọ́bọ̀, 7:30 àárọ̀

Roy Williams kì í ṣe òfò o, bàbá. Ó gba yáàdì 1,310 ní 2006, ó sì dé Pro Bowl (ìdíje àwọn tí wọ́n yàn pé ó dára jù lọ́dún). Dallas tiẹ̀ fún yín ní ìpele kìíní nítorí rẹ̀ ní 2008.

Jets ni tèmi. Garrett Wilson, ipò 10 ní 2022. Ó ju yáàdì 1,000 lọ ní ọdún 2022, 2023 àti 2024. A ṣe 7-10, 7-10, 5-12. Ní 2024 wọ́n mú ọmọ wa, Olu Fashanu, tackle, ní ipò 11. Inú mi dùn gidigidi, orúkọ wa wà lẹ́yìn aṣọ. Ṣùgbọ́n Brian Thomas, receiver, wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, Jaguars mú un ní ipò 23, ó sì gba yáàdì 1,282 lọ́dún àkọ́kọ́. Mo ṣì gbà pé Fashanu ló yẹ ká mú, torí tackle gidi ń gba ọdún méjì mẹ́ta kó tó pọ́n, ó sì máa ń pẹ́. Mo kàn fẹ́ kí Kẹ́hìndé mọ̀ pé yóò ní sùúrù.


Olùṣírò (Maryland)
Ọjọ́bọ̀, 12:17 ọ̀sán

Ẹ ti sọ̀rọ̀ orí pápá. Èmi fẹ́ sọ ti owó, torí ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn wà lójú tèmi.

Láti 2011 ni NFL ti fi òfin dé owó àwọn ọmọ tuntun. Iye tí ọmọ kan máa gbà fún ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ dá lórí ipò tí wọ́n ti mú un. Ibi tó ń gbá lórí pápá kò kàn án. Ẹni ipò 5 tó jẹ́ receiver àti ẹni ipò 5 tó jẹ́ guard (ẹni tó ń ṣọ́ láàárín ìlà), owó kan náà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí àdéhùn bá tán tí wọ́n bá bọ́ sọ́jà, iye wọn kò sún mọ́ ara wọn. Ní oṣù kẹta 2025 Bengals fọwọ́ sí 161 mílíọ̀nù dọ́là fún Chase, ọdún mẹ́rin. Ó lé ní 40 mílíọ̀nù lọ́dún. Torí náà, bí ọmọ ipò òkè bá jẹ́ receiver tó dáa gan-an, àǹfààní tó wà nínú rẹ̀ ni ohun tí ẹ kò ní san fún ọdún mẹ́rin. Ẹ lè fi owó yẹn ra guard, ra center, ra ẹni méjì tó ń dènà. Èyí bá ti tackle mu pẹ̀lú, ó bá ẹni tó ń lé quarterback mu, ṣùgbọ́n kò bá ti guard mu.

Nǹkan kejì: ìpele kìíní nìkan ló ní ọdún karùn-ún tí ẹgbẹ́ lè fi kún àdéhùn láìbéèrè lọ́wọ́ ọmọ náà. Ìyá Ìbejì, ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ wo ọ̀rọ̀ A.J. Brown lákọ̀tun. Ipò 51 ni wọ́n ti mú un ní 2019, ìpele kejì. Kò ní ọdún karùn-ún. Nígbà tó ṣe ọdún mẹ́ta tán tó sì ń béèrè owó rẹ̀, ọdún kan péré ló kù nínú àdéhùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kò wọ̀, Eagles gbà á, wọ́n sì fún un ní 100 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́rin. Bó bá jẹ́ pé òkè ni wọ́n ti mú un, wọ́n ì bá ní àyè láti mí.

Ẹni tó bá ní kí Titans lọ ra receiver lọ́jà: wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀. Calvin Ridley, 92 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́rin, 2024. Òṣèré gidi ni, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 29 ni nígbà tó fọwọ́ sí i. Àwọn tó dára jù kì í sábà dé ọjà ní kékeré. Ẹgbẹ́ tó ni wọ́n máa ń dì wọ́n mú.


Akẹ́kọ̀ọ́ (Ìbàdàn)
Ọjọ́bọ̀, 6:48 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo kéré jù níbí, láti ilé ni mo ti ń wò ó, aago mẹ́fà tàbí méje alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ti àkọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe pé kí wọ́n fi ipò náà ṣe pàṣípààrọ̀ ni? Kí wọ́n gba ẹni tó ti pọ́n. Mo rí i pé Josh Allen, quarterback Bills, ń ju bọ́ọ̀lù débi tó yẹ ní ìpín 58.8 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2019. Bills gba Stefon Diggs, ó fò sí 69.2 ní 2020. Jalen Hurts, quarterback Eagles, gba A.J. Brown ní 2022, wọ́n dé Super Bowl lọ́dún kan náà. Àwọn tó yí quarterback kékeré padà yìí, kò sí èyí tí ẹgbẹ́ náà fi draft mú nínú wọn.


Ọmọ Lẹ́yìn Odì (Philadelphia)
Ọjọ́bọ̀, 8:02 alẹ́

Àbúrò Ìbàdàn, o káre, ìbéèrè tó yẹ lo bi. Ṣùgbọ́n wo apá kejì pàṣípààrọ̀ Diggs. Ipò 22 ti 2020 wà lára ohun tí Bills fi rà á. Vikings fi ipò 22 yẹn mú Justin Jefferson, ó sì gba yáàdì 1,400 lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹni tó tà kò pàdánù. Ó rí ẹni tó kéré lọ́jọ́ orí, tí owó rẹ̀ kò sì pọ̀.

Ta ló wà ní ipò 21 lọ́dún yẹn? Àwa Eagles ni. Jalen Reagor la mú. Ìpele kan náà, receiver kan náà, ipò kan péré ló wà láàárín wọn. Ìdí tí mo fi rò pé "receiver tàbí tackle" kì í ṣe ìbéèrè tó ga jù nìyí. Ìbéèrè tó ga ni pé ta ni, báwo lẹ ṣe fẹ́ lò ó?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Nelson Agholor, torí kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ rẹ̀. Èkó ni wọ́n bí i, ó sì jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún nígbà tí wọ́n kó wá sí Tampa. Eagles mú un ní ipò 20 ní 2015. Ọdún méjì àkọ́kọ́ burú. Ó ń já bọ́ọ̀lù sílẹ̀, wọ́n ń hó lé e lórí ní pápá wa, mo sì wà níbẹ̀, ó dùn mí dé egungun, torí bí wọ́n bá ń hó lé e, ó dà bí ẹni pé àwọn ọmọ tèmi ni wọ́n ń hó lé. Ní 2017 wọ́n gbé e kúrò létí pápá wá sáàárín, níbi tó ti lè lo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yá lára àwọn tí kò lè tètè yí. Ìgbà 62, yáàdì 768, touchdown 8. Ní Super Bowl tá a fi na Patriots, ó gba bọ́ọ̀lù ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án fún yáàdì 84. Ọmọ kan náà ni o. Ibi tí wọ́n gbé e sí ló yàtọ̀.

Ẹ wo Olamide Zaccheaus pẹ̀lú. Ní 2019 kò sẹ́ni tó mú un rárá nínú gbogbo ìpele méjèèje. Falcons gbà á lẹ́yìn draft. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó gbà ní NFL, yáàdì 93, touchdown.


Olùṣọ́ Ìlà (Dallas)
Ọjọ́bọ̀, 8:30 alẹ́

Mo gbà pé ìpele kẹrin ni St. Brown, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ Eagles, ẹ sọ ọ́ tán. Lane Johnson, tackle, ti wà níbẹ̀ láti 2013, ipò 4. Jason Kelce wà láàárín. Wọ́n ti mọ ògiri kí wọ́n tó ra A.J. Brown. Chiefs ta Tyreek Hill ní 2022, wọ́n gba ipò márùn-ún, wọ́n sì gba ife lọ́dún náà àti lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n tún pàdé Eagles ní oṣù kejì 2025, Mahomes, quarterback Chiefs, lọ sílẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹfà, 40 sí 22. Ìlà, àwọn tó ń ṣọ́ quarterback, ló ń pinnu rẹ̀.


Ìyá Olóńjẹ (Memphis)
Ọjọ́bọ̀, 9:11 alẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrójú. Ẹ gbàgbé ẹni méjì. Kenny Britt, ipò 30 ní 2009, àti Kendall Wright, ipò 20 ní 2012. Wright gba bọ́ọ̀lù ní ìgbà 94 ní 2013, yáàdì 1,079. Kò burú rárá. Torí náà ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mẹta, kò sì dùn wá ní gbogbo ìgbà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pariwo tackle, ṣé ẹ mọ Titans ṣá? Peter Skoronski, ipò 11, 2023. JC Latham, ipò 7, 2024. Ọdún méjì léra wọn ni wọ́n ti fi ipò òkè ra ìlà. Ní 2020 wọ́n mú Isaiah Wilson ní ipò 29, tackle, ìdíje kan ṣoṣo ló gbá fún wa kí wọ́n tó tà á. Kí ẹ má baà rò pé receiver nìkan ló máa ń já èèyàn kulẹ̀. Àwọn receiver tí wọ́n mú fún Ward ní 2025, Chimere Dike (103) àti Elic Ayomanor (136), ìpele kẹrin làwọn méjèèjì. Ìmọ̀ràn ẹ̀gbọ́n Dallas nìyẹn gan-an. Wọ́n ti ṣe é. Kí ló wá kù?


Olùṣọ́ Ìlà (Dallas)
Ọjọ́bọ̀, 9:40 alẹ́

Ìyá Olóńjẹ, ẹ mú mi. Mo sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò sẹ́ni tó ti ṣe nǹkan kan sí ìlà yẹn rí. Bó bá ti jẹ́ pé Skoronski àti Latham wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣì kéré, kóòṣì ìlà ló yẹ kí Titans wá, kì í ṣe ọmọ kẹta. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lé quarterback ni màá kọrí sí, bíi Ware tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa yẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó kù nílẹ̀ tó dára jù bá jẹ́ receiver, mi ò ní bínú mọ́.


Kẹ́hìndé
Ọjọ́bọ̀, 10:26 alẹ́

Ẹ kú alẹ́, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa. Màámi fi hàn wá, la bá jókòó ka gbogbo rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n Dallas, bí wọ́n tiẹ̀ fi mí sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi bi Táíwò. Bí receiver bá wà ní ipò wa tó yára bíi John Ross, tó sá 40 yáàdì ní ìṣẹ́jú àáyá 4.22, ṣé á mú un? Torí Bengals mú Ross ní ipò 9 ní 2017, Cooper Kupp wà nílẹ̀ títí di ipò 69.


Ọmọ Ìjẹ̀bú (Cincinnati)
Ọjọ́bọ̀, 10:33 alẹ́

Kẹ́hìndé, o mọ ibi tó ń dùn wá. Èyí tó yẹ kí ẹ máa wò nìyí: kì í ṣe eré ìje. Ṣé ó lè gbá létí pápá àti láàárín? Ṣé ó máa ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá dì í mọ́ ìlà? Ṣé ó máa ń gba bọ́ọ̀lù tí ẹlòmíì ti fọwọ́ kàn? Chase lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní LSU. Ross mọ eré sá.


Ìyá Ìbejì (Nashville)
Ọjọ́ Ẹtì, 5:52 àárọ̀

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á sàn án fún yín. Ìyá Olóńjẹ, òótọ́ ni, mo gbàgbé Wright, ẹ jọ̀ọ́. Ìrora ló máa ń jẹ́ kéèyàn ka nǹkan kù.

Ohun tí mo sọ fún wọn nìyí kí n tó jáde lálẹ́ àná. Bí receiver tí kò ní àléébù tó hàn bá wà ní ipò tá a bá ní, mo fara mọ́ Táíwò, torí Ward kò ní dúró sí ọmọ tuntun títí láé, owó rẹ̀ á sì dé lọ́jọ́ kan. Bó bá jẹ́ eré sísá nìkan ni ọmọ náà ní, Kẹ́hìndé ló jàre, kí wọ́n mú ẹni tó ń lé quarterback. Táíwò ní òun gbà. Kẹ́hìndé ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí Táíwò má baà yí ohùn padà, mo sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án yẹn ni kò jẹ́ kí n gbádùn iṣẹ́ òru mi. Mo wà nínú pápá lọ́jọ́ náà, gbogbo ìgbà tí Burrow bá lọ sílẹ̀ la ń fò sókè. A rò pé ó ti tán.


Akẹ́kọ̀ọ́ (Ìbàdàn)
Ọjọ́ Ẹtì, 12:40 ọ̀sán

Màámi, ẹ kú iṣẹ́. Aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́bọ̀ ní New York ni draft máa ń bẹ̀rẹ̀, aago kan òru ni lọ́dọ̀ wa. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú dátà. Ẹ bá mi sọ fún àwọn ìbejì kí wọ́n wà níbí lálẹ́ ọjọ́ náà, màá jí.